Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Da Ọ̀dà Síwájú Ilé Ní Adó-Èkìtì?

Mo ti yọ àwọn "ẹ̀ẹ́n" àti "ṣé ẹ rí i" tó pọ̀ jù kúrò, ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ ọ́ lórí ètò náà ni mo kọ ọ́ síbí.

Ìbéèrè tòní wá láti ọ̀dọ̀ bùrọ̀dá kan, ọmọ Ìyìn-Èkìtì, tí wọ́n ń gbé nílùú Chicago. Wọ́n kọ́ ilé sí Adó, màmá wọn ló ń gbé ibẹ̀. Láti gẹ́ètì dé ẹnu ọ̀nà ilé tó nǹkan bí 30 mítà, ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́, òjò sì ti wọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ lọ débi pé ọkọ̀ kì í lè wọlé mọ́ bí òjò bá ti rọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ gbé màmá lọ sí ilé ìwòsàn, ńṣe ni wọ́n ń dì wọ́n mú rìn nínú ẹrẹ̀ dé ìta gẹ́ètì. Ọdún méjì ni bùrọ̀dá fi tọ́jú owó ọ̀dà. Wọ́n wo fídíò lórí YouTube, gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ sì ní ìgbà ooru ló dáa jù, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ. Wọ́n wá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò wọn kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Keje. Wọ́n bi mí pé, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Kò dáa o, bùrọ̀dá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi owó yẹn ránṣẹ́.

Mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sọ ìdí rẹ̀, torí kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń fi owó òkè òkun kọ́ ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìfàkì, ìgbà tí ọwọ́ ẹni tó ni ín bá tẹ owó ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo ojú ọjọ́. Tí ẹ bá kun ilé lásìkò tí kò yẹ, ẹ lè tún un kùn. Ọ̀dà kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá bàjẹ́ nínú iṣẹ́ ọ̀dà, abẹ́ ló máa ń wà, ojú kò ní rí i títí owó yóò fi tán tí oníṣẹ́ yóò sì ti lọ.

Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Iṣẹ́ rédíò àti fídíò ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí n tó jókòó sídìí ẹ̀rọ yìí, mo lọ bá ẹnjiníà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ títì ní Èkìtì, mo sì bá àwọn tó ń wa rólà sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn kò fẹ́ kí n dárúkọ àwọn, mo sì gbà fún wọn.

Ọ̀tá tiwọn ni òtútù, ọ̀tá tiwa ni omi

Àwọn tó wà nínú fídíò yẹn kò purọ́. Ibi tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀dà títì jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn tí wọ́n fi bitumen pò pọ̀. Bitumen ni epo dúdú tó ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ti fọ epo rọ̀bì tán. Kí n yà bàrá díẹ̀: bitumen wà nínú ilẹ̀ ní Agbábù, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tó múlé tì wá níbí. Láti 1908 ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́ ilẹ̀ kiri ní agbègbè Òkìtìpupa. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, síbẹ̀ òkè òkun la ṣì ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí a fi ń ṣe títì. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn, ẹ jẹ́ ká padà.

Bí bitumen bá tutù, ó ń le. Bí ó bá gbóná, ó ń ṣàn. Níbi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà, wọ́n á mú un gbóná dé nǹkan bí 150 dígírì Celsius kí epo náà lè bo òkúta kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà tí típà bá ti gbé e kúrò níbẹ̀ ló ti ń tutù. Rólà gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ tán kó tó wálẹ̀ dé nǹkan bí 80. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa wa rólà lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní kì mọ́. Ihò kéékèèké yóò kù nínú rẹ̀, ihò wọ̀nyẹn sì ni omi yóò máa gbà wọlé.

Ní Chicago, ìgbà òtútù ń dì bí yìnyín. Bí ilẹ̀ bá tutù tí afẹ́fẹ́ náà tutù, ọ̀dà yóò le kí rólà tó débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀hún fi ní kí ẹnikẹ́ni má da ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá ti lọ sílẹ̀ ju 10 dígírì lọ. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń po ọ̀dà níbẹ̀ máa ń tilẹ̀kùn títí ìgbà òtútù yóò fi lọ.

Ní Adó ńkọ́? Ọjọ́ wo la rí 10 dígírì? Kódà ní ìdájí ọyẹ́, tí àwọn ọmọdé ń wọ súwẹ́tà lọ sílé ìwé tí ètè gbogbo wa ń là, a ṣì jìnnà sí i dáadáa. Òtútù kọ́ ni ìṣòro wa. Òjò tó ń rọ̀ lágbègbè wa lé ní 1,300 mílímítà lọ́dún, tó bá sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, ó ga ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń rọ̀ láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá. Oṣù Kẹfà àti Keje tó jẹ́ ìgbà ooru lọ́dọ̀ wọn, àárín gbùngbùn òjò ni lọ́dọ̀ wa.

Ohun tí omi ń ṣe lábẹ́ ọ̀dà

Ìsàlẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọ̀dà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ru ọkọ̀. Ẹ rí i bí awọ ara. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ló ń ru ẹrù. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ọ̀dà yóò tẹ̀ mọ́ ọn, yóò là, omi yóò gba ojú ibi tó là wọlé, ilẹ̀ yóò sì túbọ̀ rọ̀. Kòtò tí ẹ ń rí lójú títì, láti ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ wa, erùpẹ̀ pupa tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní laterite ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó kó òkúta stone base lé e lórí. Erùpẹ̀ pupa yìí dáa, ṣùgbọ́n ó ní ìwà tirẹ̀: ó fẹ́ omi díẹ̀, kò fẹ́ omi púpọ̀. Tó bá gbẹ jù, kò ní di ara rẹ̀ mú, rólà á kàn máa lọ̀ ọ́ di eruku. Tí omi bá pọ̀ jù, bí rólà ṣe ń tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín ni yóò máa wú lọ́hùn-ún. Ọmọ Èkìtì kì í bèèrè àlàyé jù nípa èyí, torí a ti gún iyán. Èyí tí omi rẹ̀ kò tó yóò ní kókó, èyí tí omi rẹ̀ pọ̀ jù kò ní dúró lójú abọ́.

Ẹnjiníà tí mo bá sọ̀rọ̀ kọ́ mi ní ọ̀nà kan tí ẹnikẹ́ni lè fi mọ̀ ọ́n láìní irinṣẹ́ kankan. Ẹ bu erùpẹ̀ náà sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fún un pọ̀ dáadáa. Tó bá dì, tí ẹ sì ṣẹ́ ẹ tó pín sí méjì tàbí mẹ́ta, omi rẹ̀ tó. Tó bá tú ká bí ẹ ṣe lajú ọwọ́, ó gbẹ jù, kí wọ́n wọ́n omi sí i. Tó bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, tí ọwọ́ yín tutù rinrin, kí wọ́n gbé rólà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí oòrùn fi pa á. Títì ìjọba ní àyẹ̀wò tirẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ní yàrá àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n fún iwájú ilé, àtẹ́lẹwọ́ yìí ti tó ṣe díẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí típà tó kún fún ẹrù rọra gba orí ilẹ̀ náà kọjá lẹ́yìn tí rólà bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, kí ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ máa wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Bí ilẹ̀ bá ń mì bí omi inú abọ́, ibẹ̀ kò tíì tó dà. Kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ kúrò. Àbúrò tó wà nílé lè fi fóònù ká èyí sílẹ̀ kó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Chicago. Fídíò ìṣẹ́jú kan yìí wúlò ju ọgọ́rùn-ún fọ́tò ọ̀dà dúdú tó ń dán.

Lẹ́yìn ilẹ̀, epo ìsopọ̀ ló kàn. Kí wọ́n tó da ọ̀dà, wọ́n máa ń fọ́n bitumen tó ṣàn sórí stone base. MC1 ni wọ́n ń pè é lójú iṣẹ́, karosíìnì ni wọ́n fi ń là á kó lè ṣàn wọnú ilẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó di ojú òkúta pọ̀, kó sì jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ó ń fẹ́ ọjọ́ kan sí méjì kó tó gbẹ dáadáa. Ẹ wá ronú nípa inú oṣù Keje: ọjọ́ méjì wo ni òjò kò ní rọ̀? Tí òjò bá bá a ní tútù, yóò wọ́ epo náà lọ sí gọ́tà. Nínú àdúgbò tó dà gẹ̀rẹ́ bíi ti ọ̀pọ̀ àdúgbò Adó, ìsàlẹ̀ gọ́tà yẹn lè jẹ́ ẹ̀bá kàǹga aládùúgbò. Ẹni tó ń mu omi kàǹga tó ń rùn bíi karosíìnì kò ní bá yín yọ̀ lórí ọ̀dà tuntun.

Ìkẹta ni ọ̀dà gbígbóná fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá dà á sórí ilẹ̀ tó ṣì lómi, ooru rẹ̀ yóò sọ omi náà di oruku, oruku náà yóò sì máa wá ọ̀nà jáde. Ó ń gbé ọ̀dà sókè, kì í jẹ́ kó lẹ̀. Tí òjò bá sì rọ̀ sórí ọ̀dà tí rólà kò tíì tẹ̀ tán, ojú rẹ̀ yóò tutù lójijì, a sì ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dà tó tutù kí rólà tó parí. Àwọn òyìnbó tó ń bẹ̀rù òtútù lóṣù Kejìlá àti àwa tó ń bẹ̀rù òjò lóṣù Keje, ibì kan náà la ń já sí.

Ẹ jẹ́ ká rìn ín ní oṣù dé oṣù

Òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹta. Ó máa ń fi ìjì àti àrá wá, ó sì ń dé lójijì lọ́sàn-án tàbí nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ọ̀dà ṣì ṣeé ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n kí ẹ máa wo sánmà. Láti oṣù Kẹrin lọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Oṣù Karùn-ún sí Keje, mo ti sọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún un tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ìpínlẹ̀ wa, ìdìbò gómìnà kì í bá ti àwọn ìpínlẹ̀ yòókù rìn. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà 2014, ọjọ́ 14 oṣù Keje 2018, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 2022. Gbogbo rẹ̀ pátá, inú òjò. Ẹgbẹ́ tó wù kó wà lórí oyè, ìgbà tí ará ìlú ń retí títì jù lọ ni ìgbà tí ilẹ̀ kò dáa fún títì rárá. Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa, kò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Oṣù Kẹjọ ló ń tan ènìyàn jù. Òjò á dáwọ́ dúró díẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn kó sún mọ́ mẹ́ta. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí Ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì. Oníṣẹ́ tí kò tíì rí owó láti oṣù Karùn-ún yóò pè yín pé òjò ti lọ, ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá. Ẹ má gbà. Òjò dáwọ́ dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti mu omi yó láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, sánmà máa ń ṣú ní gbogbo ìgbà, oòrùn kì í ràn tó láti fa omi yẹn jáde, òjò wẹ́liwẹ́li sì ń kán lóòrèkóòrè. Ojú ilẹ̀ lè gbẹ tí inú rẹ̀ ṣì dà bí kànìnkànìn. Lẹ́yìn ìsinmi yẹn, oṣù Kẹsàn-án á wá dé pẹ̀lú òjò tó lágbára jù lọ lọ́dún.

Ìgbà àrọ̀kúrò, ìyẹn ìparí oṣù Kẹwàá wọ inú oṣù Kọkànlá, ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ ilẹ̀. Òjò ti ń lọ sópin, ó kàn ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, erùpẹ̀ sì ṣì ní omi díẹ̀ nínú. Bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n sì tẹ erùpẹ̀ pupa nígbà náà, wọn kò ní ra omi táńkà púpọ̀. Àwọn tó bá dúró di oṣù Kìíní yóò máa sanwó omi lé owó omi, torí ọyẹ́ ti fa gbogbo rẹ̀ gbẹ, kàǹga pàápàá ti ń lọ sísàlẹ̀.

Ọ̀dà fúnra rẹ̀ wá yẹ láti àárín oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Oòrùn ń ràn, ilẹ̀ gbẹ, ọyẹ́ kò tíì mú tó. Bí ìyẹn bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ dúró di oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ ti ń lọ tí òjò kò sì tíì dé.

Ọyẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé torí kò sí òjò, àárín ọyẹ́ ló dáa jù. Ó dáa ju oṣù Keje lọ fíìfíì, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà níbẹ̀. Èkíní ni eruku: bí wọ́n bá fọ́n MC1 sílẹ̀ lónìí tí ọyẹ́ sì fẹ́ mọ́jú, eruku yóò bo ojú rẹ̀ bí àtíkè, ọ̀dà yóò wá lẹ̀ mọ́ eruku dípò kó lẹ̀ mọ́ òkúta. Kí wọ́n gbá a dáadáa kí típà tó já ọ̀dà sílẹ̀, kí ẹni tí ẹ fi ṣọ́ iṣẹ́ sì rí i pé wọ́n gbá a. Èkejì ni afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ó sì ń fẹ́ gan-an láàárọ̀. Bí ẹ ṣe ń fẹ́ ògì gbígbóná kó lè tètè tutù ló ṣe ń fẹ́ ọ̀dà.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń dà á

Ọ̀rọ̀ yìí kan bí ọ̀dà yín ṣe nípọn. Fún iwájú ilé tí ọkọ̀ kékeré ń gbà, 50 mílímítà lẹ́yìn tí rólà bá tẹ̀ ẹ́ tán ni ẹnjiníà wa ní kí ẹ béèrè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti bùrọ̀dá wa. Gígùn 30 mítà, fífẹ̀ 4 mítà, ìyẹn 120 níbùú lóròó. Ẹ fi 0.05 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 6. Kúbíìkì mítà kan ọ̀dà tó ti kì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2.4, nítorí náà ohun tí wọ́n nílò sún mọ́ tọ́ọ̀nù 14 ààbọ̀. Tí ẹnì kan bá ní tọ́ọ̀nù 7 ti tó, ẹ ti mọ̀ pé 25 mílímítà ló fẹ́ dà fún yín.

Kì í ṣe owó nìkan ni fífẹ́lẹ́ yẹn ń dín kù, àkókò náà ń dín kù. Lọ́jọ́ tó móoru, ọ̀dà tó nípọn 50 mílímítà lè fún rólà ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Èyí tó jẹ́ ìdajì rẹ̀ kì í fún un ní ìdajì àkókò yẹn. Ó ń kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí òkèlè kékeré ṣe ń tètè tutù ju odidi iyán lọ náà ni.

Ìṣòro àwa tó ń ra ọ̀dà díẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n ti ń pò ó kì í tanná sí ẹ̀rọ nítorí tọ́ọ̀nù 14. Ó di ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe títì ńlá kan kí wọ́n tó bù fún yín. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè aago tí wọ́n kó o sínú típà, kí ẹ sì bèèrè ọ̀nà tó gbà. Típà tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wákàtí méjì láìsí tápólì lórí ọ̀dà rẹ̀, òkúta dúdú ló gbé wá fún yín. Ọ̀dà tó ṣì dáa máa ń dán, ó sì máa ń ṣubú wálẹ̀ wọ̀ọ̀ bí típà bá gbé ẹ̀yìn sókè. Èyí tó ti tutù kò ní dán, yóò máa já bọ́ ní ìṣùpọ̀ ìṣùpọ̀. Tí ẹ bá rí èéfín tó ní àwọ̀ búlúù, wọ́n ti sun ún jù, bitumen rẹ̀ ti jóná. Tó bá jẹ́ oruku funfun ló ń yọ púpọ̀, omi wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní tẹmómítà tó ṣeé kì bọ inú rẹ̀, kó lò ó. Bí kò bá tó 120 mọ́, kí wọ́n dá a padà.

Kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀. Ìrì máa ń wà nílẹ̀ nígbà náà, pàápàá lóṣù Kọkànlá. Aago mẹ́wàá dáa. Kí wọ́n sì parí kí aago mẹ́rin tó lù, kì í ṣe torí òkùnkùn nìkan, torí pé ẹni tó ń sáré lọ sílé kì í tẹ ẹ̀gbẹ́ dáadáa, ẹ̀gbẹ́ ló sì máa ń kọ́kọ́ fọ́. Bí òjò bá ṣú lójijì, kí típà tó kù fi tápólì bo ẹrù rẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ já a sílẹ̀ torí pé "ó ti dé ná". Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ bẹ́ẹ̀ fún dírẹ́bà tó ti ń gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n owó yín ló wà nínú típà yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìdagẹ̀rẹ̀ kò pẹ́. Ojú ọ̀dà gbọ́dọ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ó kéré tán sẹ̀ńtímítà 2 nínú mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi lè lọ sínú gọ́tà. Omi tó ń já láti orí páànù kò gbọ́dọ̀ máa já sójú ọ̀dà. Gọ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kì í ṣe ohun tí a ń ṣe tí owó bá ṣẹ́kù.

Wàhálà oṣù Kejìlá

Gbogbo wa la mọ̀ pé oṣù Kejìlá ni àwọn ọmọ Èkìtì ń wálé. Ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìwúyè, ilé ṣíṣí, gbogbo rẹ̀ ń dé lẹ́ẹ̀kan náà. Oníkálukú fẹ́ kí ọ̀nà ilé òun dúdú kí àlejò tó dé. Rólà kò pọ̀ nílùú, owó rẹ̀ á gbowó lórí, oníṣẹ́ kan á gba iṣẹ́ mẹ́fà pọ̀. Èyí tí ó yẹ kó fi ọjọ́ méjì gbẹ, wọ́n á dà á lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èyí, kó ti bá oníṣẹ́ sọ̀rọ̀ láti oṣù Kẹsàn-án, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ọ̀dà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kejìlá tó tán. Bí kò bá ṣeé ṣe, ó di oṣù Kejì. Àlejò ọdún á gba orí erùpẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ dáadáa wọlé, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ohun kan náà ni mo sọ fún bùrọ̀dá nípa owó. Kí wọ́n pín in. Owó gọ́tà lóṣù Kẹsàn-án, torí ẹ̀ẹ̀kan tí òjò ńlá bá rọ̀ ni wọ́n á rí ibi tí omi ń gbà gan-an. Owó ilẹ̀ àti òkúta ní ìparí oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn fídíò àtẹ́lẹwọ́ àti ti típà. Owó ọ̀dà lẹ́yìn tí MC1 bá ti gbẹ. Àbúrò kò ní bínú sí i bí ẹ bá ti ṣàlàyé ṣáájú. Ó tiẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ ẹjọ́ oníṣẹ́. Ní ti màmá, kí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ típà kan sí ojú tó bàjẹ́ jù báyìí, kí ọkọ̀ lè máa wọlé títí òjò yóò fi lọ. Òkúta náà kò ní ṣòfò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán

Ẹ má gbé ọkọ̀ sórí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, pàápàá lóṣù Kejì tí oòrùn ń ta. Ojú ọ̀dà dúdú lè gbóná dé 60 dígírì lọ́sàn-án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kò ju 34 tàbí 35 lọ. Ọ̀dà tuntun á rọ̀. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan tí wọ́n ń yí táyà rẹ̀ á họ ọ́ bí awọ ìsun. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sórí rẹ̀ láìfi pákó tẹ́ ẹ. Dísù àti pẹtiróòlù tó ń kán sílẹ̀ ń yọ́ bitumen, torí inú epo rọ̀bì kan náà ni gbogbo wọn ti wá, nítorí náà kí ẹni tó ń tún mọ́tò ṣe lọ ṣe é níta.

Ìbéèrè kan ṣì kù tí mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí: kí ló dé tí a kò kúkú lo íńtálọ́ọ̀kì tàbí kọnkéré? Ìbéèrè tó dáa ni. Ní 2023, Mínísítà fún Iṣẹ́ Òde, Dave Umahi, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn agbaṣẹ́ṣe kí wọ́n máa fi kọnkéré ṣe títì ìjọba àpapọ̀ dípò ọ̀dà, àríyànjiyàn rẹ̀ sì gba gbogbo ìwé ìròyìn. Fún iwájú ilé, èrò tèmi ni pé bí ohun tí ẹ nílò kò bá tó tọ́ọ̀nù 10, íńtálọ́ọ̀kì ló rọrùn jù. Kò nílò típà tó ń sáré bá ooru, ibi tó bá rì ṣeé tú kí wọ́n sì tún un tẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ òjò. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ gbẹ kó sì kì, yanrìn tí wọ́n ń tẹ́ ẹ lé sì máa ń bá omi lọ tí wọn kò bá mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kọnkéré ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí oòrùn oṣù Kejì fa omi ara rẹ̀ gbẹ kíá. Kí ẹ fi àpò bò ó, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje.

Fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣètò ti ọdún tó ń bọ̀, NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó ń sọ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró lágbègbè kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n bá kọ fún Adó, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì lé ọjọ́ tí òjò yóò dáwọ́ dúró, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kankan.